Assistantship: ṣé bourse ni àbí iṣẹ́? Àlàyé fún àwọn ọmọ wa àti fún àwọn òbí wọn

Ní oṣù kẹrin 2024, bàbá kan wá bá mi nílé ní Àjàṣẹ́, ní Bẹ̀nẹ̀ níbí, ó gbé fáìlì dání, inú fáìlì náà ni lẹ́tà kan wà tí wọ́n tẹ̀ jáde ní síbà, ojú ewé mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì látòkè délẹ̀. Ọmọ ẹ̀ ọkùnrin tó ṣe Master ní Kálàví ni yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ sí. Ọmọ ti sọ fún wọn nílé pé "wọ́n ti mú mi, wọ́n á máa sanwó fún mi," ni gbogbo ilé bá gbà pé bourse, ìyẹn ẹ̀bùn owó ẹ̀kọ́, ló gbà, ìyá ẹ̀ ti pín àkàrà àti kókó fún àdúgbò, ẹ̀gbọ́n bàbá ní Kétu ti ránṣẹ́ pé kí wọ́n má gbàgbé òrùlé ilé ẹbí o. Bàbá wá ní, "Pròfù, ẹ bá mi kà á dáadáa, torí ọmọ tún ń sọ pé òun máa ṣiṣẹ́ fún wọn, òun máa kọ́ni. Ta ló ń gba bourse tó tún ń ṣiṣẹ́? Ṣé kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ lọ fi ọmọ mi ṣe ẹrú?"

Ìbéèrè gidi ni bàbá béèrè. Èmi náà, nígbà tí mo ń lọ ní 2016, mi ò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ mi ni mo fi kọ́ ọ. Láti ọjọ́ yẹn àwọn òbí míì ti wá, àwọn ọmọ fúnra wọn ti wá, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń bá wá, ìdí ẹ̀ nìyẹn tí mo fi jókòó kọ eléyìí.

Kí ni wọ́n ń pè ní assistantship gan-an?

Ẹ jẹ́ ká tú u wò. Ọmọ gba bac (ìdánwò ìparí ilé ẹ̀kọ́ girama), ó ṣe Licence (oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì) ọdún 3, ó ṣe Master ọdún 2, lẹ́yìn náà ló kan Doctorat. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá ti ṣe tán pẹ̀lú Licence tó sì ń kàwé lọ ni wọ́n ń pè ní graduate student, ì báà jẹ́ Master ló ń ṣe, ì báà jẹ́ Doctorat. Assistantship ni iṣẹ́ tí yunifásítì fún irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ níbi tó ti ń kàwé náà. Owó tí wọ́n ń san fún un ni wọ́n ń pè ní stipend. Bí wọ́n bá gbé owó ilé ìwé kúrò lọ́rùn ẹ̀, ìyẹn ni tuition waiver. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀: TA (teaching assistant), tó ń bá ọ̀jọ̀gbọ́n kọ́ àwọn ọmọ Licence, àti RA (research assistant), tó ń bá ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe ìwádìí.

Ohun tí mo fi ṣàlàyé fún bàbá ni iṣẹ́ télọ̀. Lọ́dọ̀ wa níbí, òbí ló ń san owó ìkọ́ṣẹ́, ọmọ á máa gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, á máa lọ aṣọ, á máa gán bọ́tìnnì, ọdún mẹ́ta, ọdún mẹ́rin, kó tó di pé wọ́n ṣe libération fún un. Ẹ wá jẹ́ ká sọ pé ọ̀gá kan dé tó ní: mi ò ní gba owó ìkọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ, àmọ́ wákàtí mẹ́rin lójúmọ́, ìdí máṣíìnì mi lo máa wà, wàá bá mi rán aṣọ oníbàárà, wàá tún kọ́ àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bí wọ́n ṣe ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́, èmi náà á máa fún ẹ lówó ilé àti owó oúnjẹ lóṣooṣù, ìyókù ọjọ́ ẹ ni wàá fi kọ́ iṣẹ́ tìẹ títí wàá fi mọ̀ ọ́n. Assistantship nìyẹn. Ọmọ náà ń kọ́ṣẹ́, ó sì tún ń gbowó iṣẹ́, lábẹ́ ọ̀gá kan náà, nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà.

Bó ṣe jẹ́ méjì nínú ọ̀kan yìí, ó ti fa ìjà níbẹ̀ pàápàá. Ọdún púpọ̀ ni wọ́n fi ń jiyàn pé ṣé akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n àbí òṣìṣẹ́. Ní 2016 ni ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ dájọ́ lórí ẹjọ́ Columbia University pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ni tó ń ṣèwádìí ní yunifásítì aládàáni, òṣìṣẹ́ ni wọ́n lábẹ́ òfin, wọ́n lè dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Nígbà tó di oṣù kọkànlá 2022, àwọn bíi 48,000 ló daṣẹ́ sílẹ̀ ní University of California torí owó tí ò tó wọn í gbélé, àwọn TA àti RA ló pọ̀ jù nínú wọn. Torí náà bí ọmọ yín bá ní òun ń lọ ṣiṣẹ́, ẹ gbà á gbọ́, iṣẹ́ ló ń lọ ṣe lóòótọ́.

Kí ló wá fi yàtọ̀ sí bourse?

Bourse, wọ́n fún ẹ ni. O yege, owó wọlé. Kò sẹ́ni tó máa bi ẹ́ pé wákàtí mélòó lo ṣe lọ́sẹ̀ yìí. Assistantship ò rí bẹ́ẹ̀, ó ní wákàtí, ó ní ọ̀gá, ó ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí, bí iṣẹ́ bá sì bọ́, kì í ṣe owó oṣù nìkan ló máa lọ, tuition waiver náà sábà máa ń bá a lọ, owó ilé ìwé á wá padà sọ́rùn ọmọ. Ibi tó yẹ kí gbogbo wa fọkàn sí gan-an nìyẹn, torí owó ilé ìwé ọdún kan níbẹ̀ lè ju stipend gan-an lọ. (Wọ́n ní èyí tó jọ bourse tiwa o, fellowship ni wọ́n ń pè é, ẹni tó bá rí i kí ó dúpẹ́.)

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó ń da àwa tí a ń fi Faransé kàwé lójú rú. Níbí, "assistant" jẹ́ ipò olùkọ́ ní yunifásítì, lẹ́yìn ẹ̀ ni maître-assistant, lẹ́yìn ìyẹn maître de conférences, lẹ́yìn ìyẹn professeur titulaire, CAMES, ìyẹn àjọ ilé ìwé gíga àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ń sọ Faransé, tó wà ní Ouagadougou, ló ń yẹ àwọn èèyàn wò kí wọ́n tó gòkè. Bí ọmọ bá wá ní "mo ti di assistant ní Amẹ́ríkà," àwọn ará ilé á rò pé ó ti di olùkọ́ yunifásítì. Kò tíì dì í. Kì í sì í ṣe vacataire náà, torí vacataire ń kọ́ni ní iye wákàtí tí wọ́n bá gbé fún un, wọ́n sì ń sanwó wákàtí yẹn fún un, ó parí, kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú bóyá òun fúnra ẹ̀ ń kàwé níbẹ̀.

TA: kí ló máa ń ṣe?

Ọ̀jọ̀gbọ́n ló máa ń dúró nínú gbọ̀ngàn ńlá, ó lè kọ́ ọmọ 200 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà wọ́n á pín àwọn ọmọ yẹn sí kíláàsì kéékèèké, TA kọ̀ọ̀kan á mú tiẹ̀, bíi TD (kíláàsì ìdánrawò) àti TP (iṣẹ́ láàbù) tí a mọ̀ níbí gẹ́lẹ́. TA á ṣàlàyé ohun tí ò yé wọn, á ṣọ́ wọn nínú láàbù, á mákì ìwé wọn, á sì ní wákàtí kan tàbí méjì lọ́sẹ̀ tó máa jókòó sí ọ́fíìsì kí ẹni tó bá ní ìbéèrè wá bá a.

Èmi, kẹ́mísìrì ni wọ́n gbé fún mi, ọmọ 24 nínú láàbù, gbogbo wọn ti wọ awò ààbò sójú, wọ́n ń wò mí. Mo kọ 0,5 sójú pátákó, bí wọ́n ṣe kọ́ mi láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Kétu. Gbogbo wọn dákẹ́. Ọmọbìnrin kan nawọ́, ó ní ṣé nọ́ńbà méjì nìyẹn àbí ẹyọ kan. Lọ́dọ̀ wọn, tó-tó ni wọ́n ń fi síbẹ̀, 0.5, kọ́mà ni wọ́n fi ń ya ẹgbẹ̀rún sọ́tọ̀, èyí tó jẹ́ pé 1,500 lójú wọn jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, lójú wa tí a ń fi Faransé ṣírò, ọ̀kan àbọ̀ ni. Nínú láàbù tí wọ́n ti ń wọn ásíìdì, nǹkan kékeré kọ́ nìyẹn. Mo kọ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo ní báyìí la ṣe ń kọ ọ́ nílùú mi, báyìí lẹ ṣe ń kọ ọ́ níbí, tiyín la máa lò. A bá iṣẹ́ lọ. Kò pẹ́ mo tún pe ife gíláàsì ìwọnmi ní béshè, orúkọ tó ń jẹ́ ní Faransé, kò yé ẹnikẹ́ni, àfìgbà tí mo gbé e sókè tí wọ́n rí i.

Ti máàkì ló wá le jù. A mọ̀ pé níbí, 10 nínú 20 o yege, 12 dáa, 14 ti dáa gan-an, ẹni tó bá gba 16, gbogbo kíláàsì á mọ orúkọ ẹ̀. Ojú yẹn ni mo fi mákì ìwé àkọ́kọ́, mo fún ọmọ tó ṣiṣẹ́ dáadáa ní 70 nínú 100, mo rò pé mo ti yìn ín. Lọ́jọ́ kejì, ó wá sí ọ́fíìsì mi, omi ti lé sójú ẹ̀, torí lọ́dọ̀ wọn 90 ni wọ́n ń pè ní A, 70 fẹ́ẹ̀ẹ́ sún mọ́ ìṣubú lójú ẹni tó fẹ́ di dókítà. Ó dùn mí gan-an. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ni kọ́ọ̀sì ló ní kí n gba gbogbo ìwé náà padà kí n mákì wọn lẹ́ẹ̀kejì, ó wá fún mi ní ìwé tó fi hàn bí wọ́n ṣe ń pín máàkì. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ, ẹ béèrè ìwé yẹn kí ẹ tó fi bírò kan ìwé ẹnikẹ́ni.

Bákan náà, a ò gbọ́dọ̀ lẹ máàkì mọ́ ògiri pẹ̀lú orúkọ bí a ṣe ń ṣe níbí. Wọ́n ní òfin kan láti 1974 tí wọ́n ń pè ní FERPA, tó ní máàkì ọmọ jẹ́ àṣírí ẹ̀, bí ìyá ọmọ bá pè ẹ́ lórí fóònù, o ò lè kàn sọ ọ́ fún un.

Ti èdè ńkọ́? Ọ̀pọ̀ yunifásítì àti ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ níbẹ̀ ló ní kí TA tí Gẹ̀ẹ́sì ò jẹ́ èdè àbínibí ẹ̀ ṣe ìdánwò ọ̀rọ̀ sísọ kí ó tó dúró níwájú kíláàsì. Bí o bá ṣubú, wọn kì í sábà lé ẹ, wọ́n á fún ẹ ní iṣẹ́ ìwé mímákì títí wàá fi yege. Ẹni tó bá ti gba lẹ́tà ní oṣù kẹrin, oṣù mẹ́rin ló ní. Kó máa ṣàlàyé ẹ̀kọ́ ẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì sókè ketekete fún ẹnikẹ́ni tó bá lè gbọ́ ọ, ojoojúmọ́, kíkà nìkan ò tó.

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ náà wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ tí o ń kọ́ á máa pè ẹ́ lórúkọ, ọmọ ọdún 18 á gbẹ́sẹ̀ lé ẹsẹ̀ níwájú ẹ á máa pè ẹ́ bí ẹgbẹ́ ẹ̀. Wọn ò fi bú ẹ. Ìwọ ní tìẹ, pe ọ̀jọ̀gbọ́n ní Professor títí òun fúnra ẹ̀ á fi sọ ohun tó fẹ́ kí o máa pe òun.

RA ńkọ́?

RA ni tàwọn tó máa ń wà nínú láàbù, ní oko ìwádìí, tàbí nídìí kọ̀ǹpútà. Àwọn ọmọ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ àgbẹ̀ ní yunifásítì tó wà ní Kétu, àwọn tó ń ṣe ìṣirò ní IMSP, ilé ẹ̀kọ́ ìṣirò àti físíìsì tó wà ní Dangbo, irú iṣẹ́ yìí ló máa ń bá wọn mu jù. Kò sí kíláàsì, kò sí ìwé mímákì, àmọ́ ẹ má rò pé ó rọrùn jù.

Ibi tí owó ti ń wá ló yàtọ̀. Owó TA, inú àpò ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ló ti sábà máa ń jáde, bí ọmọ ilé ìwé bá ṣì wà láti kọ́, ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ wà. Owó RA, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ló kọ̀wé tọrọ ẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń nawó sí ìwádìí, bíi NSF tàbí NIH, ó ní iye ọdún tí wọ́n fún un, ó ní ohun tó ṣèlérí pé òun máa fi ṣe, bí owó yẹn bá tán tí òmíràn ò tíì wọlé, RA á wá ibòmíì wò. Ẹ bi ọ̀jọ̀gbọ́n náà kí ẹ tó gbà: ọdún wo ni owó yìí máa tán?

Ìkejì, iṣẹ́ tí wọ́n máa gbé fún mi yìí, ṣé òun náà ló máa di tẹ́sìsì mi? Èyí ló ṣe pàtàkì jù lójú mi. Bó bá jẹ́ ọ̀kan náà, bí ìgbà tí o ń ro oko ọ̀gá tí ìdajì oko náà sì jẹ́ tìẹ, gbogbo ebè tí o bá kọ, ìwọ náà lo kọ ọ́ fún. Bó bá yàtọ̀, oko ọ̀gá á máa gbó, tìẹ á kún fún koríko, ọdún kẹrin á dé, kò ní sí nǹkan tí o máa gbé jáde. Mo mọ ẹnìkan tó ṣẹlẹ̀ sí, ọmọ tó já fáfá ni, ọdún méjì ló fi wọn nǹkan fún ẹlòmíì kó tó la ẹnu béèrè. Àwa tí wọ́n tọ́ níbí máa ń bẹ̀rù láti bi àgbà ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, bíbéèrè kì í ṣe àrífín, wọ́n ń retí ẹ̀ ni. Ẹ tún bi í bóyá orúkọ yín máa wà lórí àpilẹ̀kọ tí wọ́n bá tẹ̀ jáde nínú iṣẹ́ náà.

Kí la máa wò nínú lẹ́tà yẹn?

Mo tẹ́ lẹ́tà bàbá sórí tábìlì, a bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀: 22,000 dọ́là. Bàbá ti rò pé oṣooṣù ni. Mo fi ìka tọ́ ọ síbi tí wọ́n kọ oṣù mẹ́sàn-án sí. Gbogbo 22,000 náà, fún oṣù mẹ́sàn-án ni, oṣù mẹ́ta tó kù, ìyẹn ìgbà ìsinmi ńlá, kò sí owó kankan nínú lẹ́tà náà àfi bí ọmọ bá rí iṣẹ́ míì ní yunifásítì lásìkò yẹn. Bí a bá pín in sí oṣù 12, ó jẹ́ nǹkan bíi 1,833 dọ́là lóṣù, wọn ò sì tíì yọ owó orí.

Lẹ́yìn ẹ̀, "0.50 FTE". Ìdajì iṣẹ́ ni, wákàtí 20 lọ́sẹ̀. Bí wọ́n bá kọ 0.25, wákàtí 10 ni, owó á sì kéré. Lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n ní àwọn gbé tuition kúrò, àmọ́ wọn ò gbé "fees" kúrò. Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ yìí. Tuition ni owó ẹ̀kọ́, fees ni àwọn owó wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń kó jọ, ti ilé ìwòsàn, ti mọ́tò yunifásítì, ti ibi eré ìdárayá, ó lè tó ọgọ́rùn-ún dọ́là lọ́nà púpọ̀ ní sáà kan, ọmọ ló máa san án. Ìnṣọ́ránsì ìlera, àwọn kan ń san án fún ọmọ, àwọn kan ń san apá kan, àwọn kan ò san nǹkan kan. Bí kò bá sí nínú lẹ́tà, kó kọ̀wé bi wọ́n.

Gbólóhùn kan tún wà nísàlẹ̀ tí bàbá fẹ́ fò, pé wọ́n máa tún un ṣe lọ́dọọdún bí ọmọ bá ń ṣe dáadáa tí owó bá sì wà. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé ọdún kan ni wọ́n ṣèlérí. Ní ìparí, ọjọ́ ìdáhùn: April 15. Ọjọ́ yìí, ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà ló jọ fọwọ́ sí i pé wọn ò ní fipá mú akẹ́kọ̀ọ́ láti dáhùn ṣáájú ẹ̀, torí náà bí ilé ìwé kan bá ní kí o dáhùn lọ́la, o lè bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dúró títí di ọjọ́ náà, kí o fi lẹ́tà méjì mẹ́ta wéra.

Kò sẹ́ni tó ń ta assistantship o. Ẹni tó bá ní ẹ mú owó wá kí òun bá ọmọ yín gbà á, ẹ má dá a lóhùn.

Kí ló dé tí wọ́n ń tẹnu mọ́ wákàtí 20?

Torí òfin físà ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wọlé pẹ̀lú físà F-1 lè ṣiṣẹ́ nínú ọgbà yunifásítì, kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ìwé ń lọ lọ́wọ́, ìgbà ìsinmi ló lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá ti ní assistantship wákàtí 20, ó ti kún. Kò lè lọ gbé oúnjẹ fún ẹnikẹ́ni lálẹ́, kò lè máa dirun níta gbowó. Àwọn òbí ló máa ń sọ pé "wá iṣẹ́ kékeré kan kún un," ìfẹ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ́, àmọ́ iṣẹ́ kékeré yẹn lè gba ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ ọmọ.

Òfin físà fúnra ẹ̀ tún ń yí padà, àgàgà láti 2025, torí náà kí ẹnikẹ́ni tó san kọ́bọ̀, kó kọ́kọ́ lọ wo ohun tí ilé aṣojú Amẹ́ríkà ní Kútọnu ń sọ lọ́wọ́lọ́wọ́. Ní 2024 tí ọmọ bàbá yìí lọ, 350 dọ́là ló san fún SEVIS, ìyẹn ètò tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń mọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àjòjì, 185 dọ́là fún físà.

Ìgbà wo ni owó àkọ́kọ́ máa wọlé?

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, ó sì fẹ́ẹ̀ẹ́ dá mi padà sílé.

Mo dé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ. Ìwé bẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù náà. Owó àkọ́kọ́ tó wọ àkáǹtì mi, ìparí oṣù kẹsàn-án ni. Fún bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, owó tí mo gbé láti ilé ni mo ń ná, onílé sì ti gba owó oṣù kan pẹ̀lú owó ìdógò kan kó tó fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Gàrí tí ìyá mi dì sínú báàgì mi, ọwọ́ kan láàárọ̀, ọwọ́ kan lálẹ́, mo ń wọ̀n ọ́n. Bẹ́ẹ̀ mo ti ń kọ́ni, mo ti ń mákì ìwé, ebi ń pa mí níwájú pátákó.

Ìdí tó fi ń pẹ́ ni pé òṣìṣẹ́ tuntun ni ẹ́, ìwé pọ̀ tó máa kọ. Wọ́n máa ní kí o mú pásípọ́ọ̀tù àti I-20 (ìwé tí yunifásítì fún ẹ láti fi gba físà) wá kí wọ́n rí i pé o lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣiṣẹ́, fọ́ọ̀mù I-9 nìyẹn, láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta tí o bẹ̀rẹ̀. O máa gba nọ́ńbà Social Security, tó dà bí nọ́ńbà tí ìjọba fi ń mọ gbogbo òṣìṣẹ́, wọ́n sì ń gba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun nímọ̀ràn pé kó dúró ọjọ́ 10 lẹ́yìn tó dé kó tó lọ forúkọ sílẹ̀, kí orúkọ ẹ̀ lè ti wọ inú ẹ̀rọ wọn. O lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí nọ́ńbà náà tó jáde o, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ẹ pé kò ṣeé ṣe.

Owó orí wà, wọ́n á máa yọ ọ́ lóṣooṣù. Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ò ní àdéhùn owó orí pẹ̀lú Amẹ́ríkà bí Faransé ṣe ní, torí náà bí ọ̀rẹ́ ẹ tó jẹ́ ará Faransé bá sọ pé wọn ò yọ tòun tó bẹ́ẹ̀, àdéhùn tiwọn ló ń jẹ. Àmọ́ ohun kan wà tí ọmọ wa ní ẹ̀tọ́ sí: fún ọdún márùn-ún àkọ́kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ F-1 kì í san owó Social Security àti Medicare (ti ìfẹ̀yìntì àti ti ìlera àwọn àgbà), tó jẹ́ 7.65 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù. Bí o bá rí i lórí ìwé owó oṣù ẹ pé wọ́n yọ ọ́, àṣìṣe ni, mú ìwé náà, lọ bá wọn, wọ́n á dá a padà. Tó bá sì di oṣù kẹrin ọdún tó ń bọ̀, o máa kọ ìwé owó orí, April 15 náà ni ọjọ́ ìparí tiẹ̀.

Bó bá jẹ́ Faransé tàbí Jámánì ńkọ́?

Tiwọn tún yé èèyàn ju ti Amẹ́ríkà lọ. Ní Faransé, contrat doctoral ni, ọdún mẹ́ta, yunifásítì gbà ẹ́ síṣẹ́ ìwádìí tìẹ gan-an, òfin ló sì sọ iye tí wọn ò gbọ́dọ̀ san dín: 2,100 euro lóṣù ní 2024, 2,200 ní 2025, 2,300 ní 2026, kí wọ́n tó yọ owó ìfẹ̀yìntì àti ti ìlera. Bí o bá fẹ́ kọ́ni kún un, wọ́n lè fún ẹ, kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 64 TD lọ lọ́dún, wọ́n á sì sanwó lórí ẹ̀. Ìyẹn náà, iṣẹ́ ni, kì í ṣe bourse, kódà orúkọ ẹ̀ sọ ọ́. Ní Jámánì, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣe Doctorat ló ń gba owó oṣù ìpele E13, àmọ́ ìdajì rẹ̀ tàbí ìdá méjì nínú mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń fún wọn, ẹ wo ìdá tó wà nínú lẹ́tà kí ẹ tó fò sókè.

Ṣé owó náà wá pọ̀ àbí kò pọ̀?

Ìbéèrè tí bàbá fi parí nìyẹn. 1,833 dọ́là, bí a bá sọ ọ́ di séfà nígbà yẹn, ó lé ní mílíọ̀nù kan. Ẹni tó bá gbọ́ mílíọ̀nù kan lóṣù ní Àjàṣẹ́, ọkàn ẹ̀ á lọ síbi ilé kíkọ́. Àmọ́ séfà kọ́ ni ọmọ máa fi ra búrẹ́dì níbẹ̀. Mo mú bírò, mo kọ tèmi fún un bó ṣe rí: yàrá kan nínú ilé tí a jẹ́ mẹ́rin, 650 dọ́là. Iná, omi àti íntánẹ́ẹ̀tì. Oúnjẹ, tí mò ń sè fúnra mi. Fees tí mò ń tọ́jú díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀wù òtútù ọdún àkọ́kọ́. Owó tí mò ń fi pa mọ́ de oṣù mẹ́ta tí kò ní sí owó. Ohun tó ṣẹ́ kù lóṣù tó dáa, tí mo lè fi ránṣẹ́ sílé, 50 dọ́là, nígbà míì 80. Oṣù míì, òfo.

Bàbá wo ìwé náà títí. Ó ní, "Kì í wá ṣe pé òun ló máa fi owó pa mọ́ fún wa, ṣé àwa ló yẹ ká fi owó lé e lọ́wọ́ báyìí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bàbá, fún oṣù méjì àkọ́kọ́, ẹ̀yin ni. Ó dìde, ó ká lẹ́tà padà sínú fáìlì.

Nígbà tí a tún pàdé ní oṣù kẹjọ, ó ní ìyàwó òun lọ bá àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń dá àjọ lọ́jà Wàǹdó. Oṣù kejìlá ló yẹ kí ó kó tiẹ̀. Obìnrin tí oṣù kẹjọ kàn gbà kí wọ́n jọ ṣe pàṣípààrọ̀, owó náà ni wọ́n fi ra dọ́là fún ọmọ, ẹ̀gbọ́n ní Kétu sì ní kí wọ́n gbàgbé òrùlé ná.